Ohun tí Ìjà Ilé àti Ilẹ̀ ní Èkó Lè Kọ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)



Ohun ńlá kan wà níwájú ìpàdé wa lọ́dún yìí, èyíinì ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà tuntun tí yóò gba ẹ̀yìn ọjà kọjá àti bí a ó ṣe mú ọjà náà gbòòrò sí i. Ìgbìmọ̀ tí a yàn ti sọ fún wa pé àwọn ẹbí tí wọ́n ni ilẹ̀ ti fọwọ́ sí i, a sì ti bá wọn sọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú. Inú mi dùn sí èyí. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ka ìwé tí ìgbìmọ̀ náà kọ, mo ń wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ àwọn tí wọ́n ń gbé orí ilẹ̀ náà, tí ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn. N kò rí i. Àwọn tí wọ́n ń ta àlùbọ́sà àti ẹ̀wà, àwọn tí wọ́n ń tún mọ́tò ṣe, àwọn opó tí wọ́n háyà yàrá kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá ọjà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà níbẹ̀ kí àwọn ọmọ wa kan tó kọ́ ìwé mẹ́fà jáde. Ìdí nìyí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ Èkó wá. Èkó ti ń jiyàn lórí ẹni tí ó ni ilé àti ẹni tí ó ni ilẹ̀ fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì ti gbé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ayálégbé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi, nítorí pé omi ni ó kọ́kọ́ kó àwọn ará Èkó jọ ní ọ̀rúndún tí ó kọjá. Ní ọdún 1908, nígbà tí Walter Egerton ń ṣe gómìnà, ìjọba gbèrò láti fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú, kí àwọn ará ìlú sì máa san owó lórí rẹ̀. Dókítà John Randle àti Dókítà Ọrìṣádípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí à ń pè ní People's Union láti tako owó náà. Àwọn ará Èkó wí pé kànga àwọn tó àwọn í mu. Bí àwọn òyìnbó bá fẹ́ omi ẹ̀rọ, kí àwọn òyìnbó san owó rẹ̀. Omi Ìjú bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn ní ọdún 1915, a sì gbé owó omi ka àwọn ènìyàn lórí ní 1916. N kò ní sọ pé gbogbo ohun tí àwọn aṣáájú ìgbà náà wí ni ó tọ̀nà. Ta ni nínú wa tí yóò fi omi ẹ̀rọ sílẹ̀ lónìí láti padà sí kànga? Ṣùgbọ́n ohun tí ó bí wọn nínú kì í ṣe omi. Wọ́n gbé e wá bá wọn láìbi wọ́n léèrè, wọ́n sì ní kí wọ́n wá sanwó rẹ̀.

Ìjà kejì ni ti ilẹ̀ Àpápá, èyí ni mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ gbọ́ dáadáa. Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ tí ó tó éékà 255 ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Ilẹ̀ náà wà ní ìkáwọ́ Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀. Nígbà tí Olúwa béèrè owó ilẹ̀, ilé ẹjọ́ ní Èkó dá a lóhùn pé kì í ṣe òun ni ó ni ilẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ̀tọ́ àbójútó lásán ni ó ní, owó àbójútó nìkan ni ó sì tọ́ sí i. Olúwa kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ìgbìmọ̀ Ọba ní London, èyí tí à ń pè ní Privy Council. Herbert Macaulay, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ iṣẹ́ awọnlẹ̀, bá a lọ ní ọdún 1920, ó sì gbé ọ̀pá àṣẹ Elékòó Èṣùgbàyí lọ́wọ́. Ní oṣù Keje ọdún 1921, Ìgbìmọ̀ náà dájọ́ láti ẹnu Lord Haldane pé ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo àwùjọ, pé olóyè ń mú un dání fún wọn, àti pé bí ìjọba bá gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ ní kíkún ni kí ó san, bí ẹni tí ó ra ohun tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn pátápátá. Ẹgbàá mọ́kànlá pọ́n-ùn ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, èyíinì ni £22,500, ni a san.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn ìgboyà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí. Ohun tí Macaulay mọ̀ nípa wíwọn ilẹ̀ àti nípa òfin wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n mọ ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Wọ́n mọ ẹni tí baba ńlá wọn gbà sórí rẹ̀ àti ohun tí ẹni náà ń san. Ìjọba gbẹ̀san lára Elékòó nítorí ọ̀rọ̀ tí a sọ ní London nípa ipò rẹ̀: a gba ìdánimọ̀ ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, a sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925. Ọdún 1931 ni ó tó padà sílé, lẹ́yìn ẹjọ́ mìíràn tí ó tún dé London.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Ẹni tí ó jàre ní 1921 ni ẹni tí ó ní ilẹ̀. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ ńkọ́?

Àwọn obìnrin ọjà ni wọ́n dáhùn ìbéèrè náà, Alímọ́tù Pẹlẹ́wùrà ni ó sì ṣáájú wọn. Ẹja ni ó ń tà ní ọjà Eréko. Kò mọ ìwé kà. Ní àárín ọdún 1930 sí 1940, ìjọba fẹ́ kó ọjà Eréko kúrò lọ sí Olúwọlé. Àwọn obìnrin náà kò ní ìwé ilẹ̀ kankan tí wọ́n lè fi han ilé ẹjọ́, nítorí pé ìsọ̀ ni wọ́n ní, wọn kò ní ilẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò lọ, ọjà náà sì dúró. Ní 1940, nígbà ogun, ìjọba tún ṣe òfin pé obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ yóò máa san owó orí. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn obìnrin ọjà rọ́ lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nà, wọ́n sì tún pé jọ ní Glover Hall. Ìjọba gbé iye náà sókè láti £50 sí £200, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìyá ọjà ni ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni wọ́n ní tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ọ̀mọ̀wé kò ní? Wọ́n ní ẹgbẹ́ tí ó mọ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìsọ̀ sí ìsọ̀. Wọ́n ń dá owó. Wọ́n gba akọ̀wé, wọ́n sì gba agbẹjọ́rò, wọ́n ń san owó iṣẹ́ wọn. Nígbà tí Pẹlẹ́wùrà bá sọ pé òun sọ̀rọ̀ fún àwọn obìnrin Èkó, òyìnbó kò lè bi í pé àwọn wo, nítorí pé bí ó bá ní kí wọ́n ti ọjà, ọjà a tì. Mo rò pé nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jà ní Èkó nígbà náà, obìnrin yìí ni àwa ẹlẹ́gbẹ́ ìlú jọ jù lọ, àwa pẹ̀lú ìwé orúkọ wa, owó oṣù wa àti akọ̀wé wa tí a máa ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ọ̀rọ̀ ilé gan-an. Láti 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn kan tí eku ń gbé kiri ti jà ní Èkó fún ọdún mélòó kan. Ìjọba rí i pé ilé há mọ́ ilé jù, ó sì ṣe òfin ní 1928 tí ó dá ìgbìmọ̀ tí à ń pè ní LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Láti ibẹ̀ ni a ti wó ilé ní Oko Àwo, tí a sì la ilẹ̀ Yábàá fún àwọn ènìyàn. Iṣẹ́ tí ó ní ìdí ni. Èyí tí ó dá àríyànjiyàn tí ó pọ̀ jù sílẹ̀ ni ti 1955, nígbà tí òmìnira ń bọ̀, tí àwọn olóṣèlú wa sì ń wí pé ojú ń ti àwọn láti mú àlejò rìn ní àárín Èkó. A pinnu láti wó nǹkan bí éékà 70 ní àárín ìlú, kí a tún un kọ́, kí a sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Àwọn onílé yóò gba owó, wọn yóò sì ní àǹfààní láti tún ilẹ̀ wọn rà nígbà tí a bá là á tán, ṣùgbọ́n ní iye tí ó ju èyí tí a san fún wọn lọ.

Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, wá sí Èkó ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ní àárín ìlú àti ní Sùúrùlérè, ó ń bi àwọn ènìyàn léèrè bí ayé wọn ti rí. Ní 1961 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ohun tí ó rí yàtọ̀ sí ohun tí àwọn tí wọ́n ya àwòrán ìlú tuntun rò. Ilé Sùúrùlérè dára ju àwọn ilé ìsàlẹ̀ Èkó lọ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, nítorí ìjọba ń san apá kan. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ fi àwọn oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ ní àárín ìlú. Ọkọ rẹ̀ ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ níbi tí ó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀. Ẹbí tí ń gbé ọgbà kan náà fọ́n ká. Àwọn mìíràn kò lè fara dà á, wọ́n fi ilé tuntun náà sílẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú agboolé kan ní ìsàlẹ̀ Èkó ju ògiri àti òrùlé lọ. Àgbà tí kò lágbára mọ́ ní yàrá níbẹ̀ láìsan owó. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú padà sí ilé baba rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tí ó ti oko dé láti kọ́ṣẹ́ sùn sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Nígbà tí ìjọba sanwó ilé bẹ́ẹ̀, a pín owó náà fún àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílé, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan kò sì tó kọ́ yàrá kan níbòmíràn. Ẹni tí ó wọn ilẹ̀ náà wọn ìbú àti òró rẹ̀ láìṣì. Kò sí ẹni tí ó ṣírò àga tí ìyá náà ń jókòó lé láti tajà. Àwọn ará ìlú náà fọhùn tako ètò náà. Nígbẹ̀yìn, ètò náà kò parí bí a ti yà á sórí ìwé, àwọn ilẹ̀ kan sì wà ní ahoro fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí a ti wó ilé orí wọn.

Òfin ilẹ̀ ti 1978 ni ó tẹ̀ lé e. N kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí gbogbo onílẹ̀ tí ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí mọ̀ ọ́n. Òfin náà fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà fún ànfààní gbogbo ènìyàn, bí a bá sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tí ó kọ́ tàbí tí ó gbìn sórí rẹ̀ ni a ó san owó rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ohun tí Olúwa rí gbà ní London ní 1921 ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ nípa bẹ́ẹ̀.

Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà ni ti Máròkó. Ní oṣù Keje 1990, gómìnà ológun Èkó, Raji Rasaki, kéde pé kí àwọn ará Máròkó kó jáde láàárín ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, katapílà wọ ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun. Iye ènìyàn tí a máa ń kà pé ó pàdánù ilé tó 300,000. Ìjọba wí pé omi lè gba ibẹ̀, pé àwọn ènìyàn náà kò sì ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn tí ìjọba kà sí onílé ni a fún ní yàrá ní Ìlàsàn àti ní Ìkọ̀tà, nínú ilé tí a kò tíì kọ́ parí. Ayálégbé kò rí nǹkan kan. Lónìí, ilé àwọn olówó ni ó wà lórí ilẹ̀ tí a ní omi yóò gbà náà.

Láti inú ìbànújẹ́ yẹn ni ìjà ti òde òní ti gbérí. Ní 1995 ni a dá ẹgbẹ́ SERAC sílẹ̀, èyí tí ó ń gbé irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Àwọn ará àdúgbò mẹ̀kúnnù fúnra wọn náà kóra jọ sí àpapọ̀ ẹgbẹ́. Wọ́n ń dá owó díẹ̀díẹ̀ pamọ́, wọ́n sì ń ka ilé àti ènìyàn àdúgbò wọn, kí ìjọba má baà lè sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Pẹlẹ́wùrà ìbá mọ iṣẹ́ náà bí ó bá rí i. Nígbà tí a wó Otodo Gbame, abúlé àwọn apẹja Ègùn ní ẹ̀bá ọ̀sà, láti oṣù Kọkànlá 2016 títí di oṣù Kẹrin 2017, tí ènìyàn tí ó lé ní 30,000 sì di aláìnílé, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 2017, Adájọ́ Adéníyì Onígbàǹjo dájọ́ pé lílé ènìyàn jáde láìsí ìkìlọ̀ àti láìsí ibi tí wọn yóò lọ jẹ́ ìwà ìkà tí òfin ilẹ̀ wa kọ̀. Ìdájọ́ ńlá ni, nítorí pé wọn kò béèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀ kí wọ́n tó sọ pé ènìyàn ni ẹni tí ń gbé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà kò kọ́ abúlé náà padà fún wọn.

Bí mo bá to gbogbo èyí jọ, ohun kan ni mo ń rí níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí a fẹ́ tún Èkó ṣe, ìbéèrè tí ó pinnu ìyà tàbí ìgbádùn ni pé: ta ni a kà? Ní Àpápá, a ka onílẹ̀, lẹ́yìn tí ó dé London. Ní àárín ìlú, a ka ilé, a kò ka òwò àti ìbátan. Ní Máròkó, a ka ìwọ̀nba onílé. Àwọn tí a kò kà, àfi bí wọ́n bá ka ara wọn, bí àwọn ìyá Eréko ti ṣe.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní àjòjì ni àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn, pé ẹni tí ó háyà yàrá mọ̀ pé kì í ṣe tòun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa ni àjòjì ní Èkó. Àwa ni àjòjì ní Kánò àti ní London. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò rí yàrá háyà ní London nítorí àwọ̀ ara wọn, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ rìn ká ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà láti kó owó jọ, ẹgbẹ́ WASU sì ṣí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà Camden ní 1933. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kò tíì gba ìwé ìkìlọ̀ lọ́wọ́ onílé rí. Àwọn kan nínú wa sì ti di onílé ní Èkó, wọ́n mọ̀ pé òfin tí ìjọba Èkó ṣe ní 2011 ní kí a má gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. N kò ní bi wọ́n bí wọ́n ti ṣe sí i.

Àwọn mìíràn yóò ní owó kò sí, pé ìdáwó tí àwọn ẹ̀ka wa ní òkè òkun fi ránṣẹ́ kò ju ti ọ̀nà àti gọ́tà lọ. Èmi pẹ̀lú dá nínú owó náà, n kò sì fẹ́ kí ó ṣòfò. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń béèrè kò gba owó púpọ̀. Kí awọnlẹ̀ tó gbé èèkàn sílẹ̀, kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ń gbé tàbí tí ń ṣòwò lórí ilẹ̀ náà sínú ìwé kan: onílé, ayálégbé, oníṣọ̀, alágbàṣe; ohun tí ó ń ṣe, ọdún tí ó ti wà níbẹ̀, iye ènìyàn tí ó ń gbọ́ bùkátà wọn. Kí ìyálọ́jà àti àwọn olórí àwọn àlejò wa wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń kọ ọ́, kí wọ́n sì ní ẹ̀dà tiwọn lọ́wọ́. Kí a kọ́ àwọn ìsọ̀ tuntun kí a tó wó ti àtijọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé náà ní àǹfààní àkọ́kọ́ sí àwọn ìsọ̀ náà, ní iye tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀, fún ìgbà tí ìpàdé bá fọwọ́ sí. Ní ti àwọn opó tí wọ́n háyà yàrá, kí Ẹgbẹ́ wá yàrá fún wọn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí a dúró títí òjò yóò fi dá.

Alàgà, mo bẹ̀ yín kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé orúkọ yìí síwájú ìpàdé kí a tó dìbò lórí ọ̀rọ̀ ọjà lọ́sàn-án yìí. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà mẹ́rin, ó sì wà lọ́wọ́ Akọ̀wé.